Gílóòbù Oníbátìrì Kan fún Fọ́tò Ara Ìhòòhò: Ohun Tí Ojú Mi Rí Láàárín Oṣù Mẹ́rin ní Kàbà

Gílóòbù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ohun èlò ayafọ́tò rárá. Òun ni gílóòbù funfun oníbátìrì tí ọ̀pọ̀ ilé ń lò ní Kàbà, ní ìpínlẹ̀ Kogi, èyí tí ó máa ń tàn lọ bí wọ́n tilẹ̀ mú iná lọ, tí wọ́n ń tò sórí tábìlì nínú ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́ọ̀ṣì àti wáyà fóònù. Mo ra èyí tí wọ́n kọ 15W sí lára ní ₦4,500, mo sì ti fi í ya fọ́tò ara ìhòòhò, irú èyí tí a ń yà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà, fún oṣù mẹ́rin gbáko nínú yàrá kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà mẹ́ta lọ. Ìdájọ́ mi ni pé ó lè ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò lè dá a ṣe. Aṣọ funfun, aṣọ dúdú àti agolo mílíìkì ni wọ́n sọ ọ́ di iná ayafọ́tò, ẹni tí ó bá sì rà á láìmọ ibi tí yóò gbé e sí kàn ra iná ilé ìdáná ni.

Kí n tó rà á, iná ńlá méjì ni mo máa ń yá láti Lọ́kọ́ja nígbàkúùgbà tí irú iṣẹ́ yìí bá dé. Owó yíyá wọn, owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀, àti epo tí jẹ́nẹ́rétọ̀ yóò mu, a máa jẹ èrè iṣẹ́ náà tán kí n tó fọwọ́ kan kámẹ́rà. Èyí tí ó tún burú jù ni ariwo. Ẹni tí ó bọ́ aṣọ sílẹ̀ níwájú kámẹ́rà ti ní ohun tí ó ń bá ọkàn rẹ̀ jà. Bí jẹ́nẹ́rétọ̀ bá tún ń ké lẹ́yìn fèrèsé, tí iná ńlá sì ń bù yẹ̀rì ní gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ bọ́tìnnì, ọrùn rẹ̀ yóò wọ àárín èjìká lọ bí ti ìjàpá. Gílóòbù kì í dún. Ó ń tàn síbẹ̀ láìyẹsẹ̀, èmi àti ẹni tí mo ń yà sì lè jọ máa wo ibi tí òjìji bọ́ sí kí a tó ya ohunkóhun, àǹfààní tí iná tí ń bù yẹ̀rì kì í fún ayafọ́tò tí kò ní ọmọ iṣẹ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo fi iná yìí yà ni ẹ̀gbọ́n kan tí ó ń ta aṣọ, tí ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Ó ní òun fẹ́ fọ́tò ẹ̀yìn òun tí ó ti pọn ọmọ mẹ́rin, kí òun fi í pamọ́ fún ara òun, kí ojú òun má sì hàn níbẹ̀. A kọ àdéhùn sórí ìwé kí ó tó tú bọ́tìnnì kan ṣoṣo: èmi nìkan ni yóò wà nínú yàrá, kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì fi ojú ara rẹ̀ rí i bí mo ṣe ń pa gbogbo èyí tí kò bá yàn rẹ́ kúrò nínú káàdì. Ìlú tí ojú ti mọ ojú ni Kàbà, ọ̀rọ̀ a sì máa yára ju ọ̀kadà lọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àṣírí yìí kan iná gan-an, ọ̀pọ̀ ni kì í sì rò ó. Bí ènìyàn bá dúró sí àárín gílóòbù àti fèrèsé lálẹ́, òjìji rẹ̀ yóò bọ́ sára aṣọ fèrèsé, àwọn tí ń kọjá ní títì yóò sì máa wò ó bí ẹni ń wo sinimá. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni kí iná wà, kí ó kọjú sínú ilé, kí aṣọ dúdú sì bo fèrèsé náà pátápátá.

Mo ti sọ fún un lórí fóònù pé kí ó wọ ìró tí a kò gbá mọ́ra nìkan fún bí wákàtí kan kí a tó bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà pátá àti okùn kọ́mú máa ń fi ìlà sára, ìlà tí ojú lásán kò kà sí, ṣùgbọ́n tí iná tí ó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá yóò gbé jáde bí ẹni fi bírò fà á. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ti pátá, kò gbọ́ ti ìró, ó dì í mọ́ra gírígírí wá láti ilé. A jókòó, a mu tíì, a sì sọ̀rọ̀ owó aṣọ títí ìlà náà fi rọ̀.

Àṣìṣe mi ní alẹ́ náà ni pé mo fi gílóòbù sílẹ̀ níbi tí onílé fi í sí, ní àárín àjà. Bí mo ṣe wo fọ́tò mẹ́ta àkọ́kọ́, ó dà bí fọ́tò pásípọ́ọ̀tù tí wọ́n yà láti ẹ̀yìn. Orí èjìká funfun, ìbàdí ṣókùnkùn, àárín méjèèjì sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí pákó. Ìmọ́lẹ̀ tí ó wá láti òkè nínú yàrá tí a kùn ní àwọ̀ mílíìkì a máa lu ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a sì padà wá bá ara láti ibi gbogbo, kò sì ní sí ibi tí òjìji yóò sá sí. Ara ènìyàn kì í sì hàn nínú fọ́tò láìsí òjìji. Bí a bá fi ìmọ́lẹ̀ kún gbogbo ibi kòtò rẹ̀, kò sí kòtò mọ́ nìyẹn.

Mo tú gílóòbù náà sílẹ̀, mo fi wáyà gígùn kan gbé e wá sílẹ̀, mo sì gbé e sórí àpótí ní apá òsì rẹ̀, ní ìwọ̀n gíga ìgbáròkó, tí ó fi díẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ náà fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ họ ara rẹ̀ kọjá. Nítorí ohun tí mo rí lójú kámẹ́rà nígbà náà ni mo ṣe ń kọ àyẹ̀wò yìí. Pòpó àárín ẹ̀yìn tí kò sí níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn là láti ìsàlẹ̀ ọrùn títí dé ìbàdí, ó dúdú minimini ní apá kan, ó sì ń kọ mọ̀nà ní apá kejì. Egungun èjìká yọ. Ibi méjèèjì tí ó wọnú díẹ̀ lókè ìdí mú òjìji dání bí ẹni bu omi sí àtẹ́lẹwọ́. Mo yí kámẹ́rà sí i kí ó wò ó. Ó wò ó pẹ́, ó ní, “Àbúrò mi, ṣé ẹ̀yìn mi nìyí?” Mo ní, “Ẹ̀yin náà ni, mà. Iná ni a kàn gbé sílẹ̀.”

Iná tí ó wà ní gbangba báyìí le, etí òjìji rẹ̀ a sì máa mú bí abẹ. Fún ẹ̀yìn tí iṣẹ́ ti gbà, líle yẹn dára, ṣùgbọ́n ó ń fi gbogbo ààmì ara hàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibí ni aṣọ funfun ti wọlé. Mo gé ọparun mẹ́rin, mo dì wọ́n ní férémù tí ó ga tó mítà kan àti ààbọ̀, mo na aṣọ ìbùsùn funfun kan sí i, mo sì fi ohun onípákó tí a fi ń há aṣọ sórí okùn há a mọ́ ọn. Èmi náà kọ́kọ́ ṣe ohun tí gbogbo ẹni tí ó bá dán an wò máa ń ṣe, èyíinì ni pé mo gbé gílóòbù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ojú kékeré kan tí kò ju ọpọ́n ọbẹ̀ lọ ni yóò tàn lára aṣọ náà, ìmọ́lẹ̀ náà kò sì ní rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Ìwọ̀n ibi tí ó ń tàn ni ó ń mú ìmọ́lẹ̀ rọ̀. Aṣọ nìkan kò lè ṣe é. Mo fa gílóòbù sẹ́yìn tó mítà kan títí gbogbo aṣọ náà fi tàn láti etí dé etí, mo wá sún férémù náà mọ́ ẹ̀gbọ́n títí ó fi ku díẹ̀ kí ó yọ nínú fọ́tò. Aṣọ náà di fèrèsé. Òjìji kò parẹ́, ó kàn ń rá díẹ̀díẹ̀ láti ìmọ́lẹ̀ wọ òkùnkùn, bí ìrọ̀lẹ́ ṣe ń ṣú.

Gbèsè ibẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ yóò dínkù púpọ̀. Bí a bá gbé gílóòbù kúrò ní mítà kan lọ sí mítà méjì, ohun tí yóò dé ara ènìyàn kì í ṣe ìdajì ti tẹ́lẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ni, aṣọ náà yóò sì tún jẹ tirẹ̀ lọ́nà. Ibi tí agolo mílíìkì ti wúlò nìyẹn. Mo lu ihò sí ìdí agolo ńlá kan, mo ti ọrùn gílóòbù gba inú ihò náà, dídán inú agolo náà sì da ìmọ́lẹ̀ tí ìbá máa ṣòfò sórí ògiri padà síwájú. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ISO 1600 (bí kámẹ́rà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ tó), f/2.8 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó) àti ìdá kan nínú àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá (bí kámẹ́rà ṣe ń la ojú pẹ́ tó) ni mo ń lò, lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tí mo ń yà yóò sì ní láti dúró jẹ́ẹ́ kí ó sì mí díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kámẹ́rà rẹ̀ ti gbó tí ISO 1600 rẹ̀ ń hu hóró yanrìn kò ní fẹ́ràn èyí. Èmi kò kórìíra hóró náà nínú fọ́tò dúdú àti funfun.

Mo gbìyànjú aṣọ òfì funfun kan tí ìyá ìyá mi gbé wá láti Bùnú tí kò jìnnà sí Kàbà, òwú tí wọ́n fi ọwọ́ ran, tí wọ́n sì fi ọwọ́ hun. Ó nípọn jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo ìmọ́lẹ̀ mì, mo sì tètè ká a padà sínú àpótí kí ìyá mi tó mọ̀. Ẹnìkan tún dámọ̀ràn aṣọ pupa fún ẹ̀yìn fọ́tò. Yàtọ̀ sí pé aṣọ pupa máa ń da àwọ̀ rẹ̀ sára ènìyàn láti ẹ̀gbẹ́, àwa tí a mọ ohun tí aṣọ ìpò jẹ́ ní Bùnú, aṣọ pupa tí wọ́n ń fi ṣe ìsìnkú àgbà, kò lè fi ọkàn balẹ̀ na irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn ẹni tí ó wà láàyè. Ó lè jẹ́ ẹ̀rù lásán. Mi ò nà á.

Aṣọ dúdú ni mo kà sí ohun tí ó níye lórí jù nínú gbogbo ẹrù náà, bẹ́ẹ̀ ni òun ni owó rẹ̀ kéré jù, nítorí àjákù aṣọ tí télọ̀ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Mo so ọ̀kan sẹ́yìn, mo sì so èkejì sí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n, ní ìdojúkọ iná, tí kò ju ẹsẹ̀ méjì sí i lọ. Ògiri àwọ̀ mílíìkì tí ń da ìmọ́lẹ̀ padà sí apá òkùnkùn pa lẹ́nu mọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni apá ọ̀tún ara rẹ̀ rì sínú dúdú, tí a kò sì mọ ibi tí awọ parí sí tí aṣọ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ₦10,000 láti ná, tí ó sì ń rò ó bóyá kí òun fi ra gílóòbù kejì, kí ó kọ́kọ́ ra ọ̀pá márùn-ún aṣọ dúdú tí kò dán.

Ọ̀rọ̀ awọ dúdú fúnra rẹ̀ tọ́ sí ẹ̀kún rẹ́rẹ́. Lára awọ pupa, òjìji ni ojú fi ń mọ bí ara ṣe rí. Lára awọ tí ó dúdú bí tiwa, dídán ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, ìlà ìmọ́lẹ̀ gígùn tí ó sùn sórí èjìká àti ìbàdí. Iná kékeré tí a kò bò ń sọ dídán yẹn di ẹ̀kán funfun kan tí ó ń gún ojú, ṣùgbọ́n aṣọ funfun tí ó fẹ̀ yóò nà án bí ọ̀já. Nígbà ọyẹ́, awọ a gbẹ, a sì máa hu eérú, dídán náà yóò sì lọ pátápátá. Mo máa ń bẹ ẹni tí mo bá ń yà pé kí ó fi òrí díẹ̀ pa ara rẹ̀, kí ó pa á wọlé dáadáa, kí ó tó jókòó. Òróró lásán pọ̀ jù, ó ń mú ara rí bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré. Kámẹ́rà náà yóò sì fẹ́ tan ni jẹ: bí ó bá rí ẹ̀yìn dúdú àti awọ dúdú, yóò rò pé ilẹ̀ ṣú, yóò sì mú ìmọ́lẹ̀ pọ̀ títí awọ fi di eérú padà. Mo máa ń fi ìpele kan, ìyẹn ìdajì ìmọ́lẹ̀ náà, dín in kù kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan ti bi mí bóyá irú fọ́tò yìí bá ìwà wa mu. Ère ìbejì ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Ìhòòhò ni wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ, pẹ̀lú ọmú àti gbogbo ohun tí àgbàlagbà ní, àwọn ìyá sì ń fi osùn pa á lára títí yóò fi máa dán. Rotimi Fani-Kayode, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1955, tí ìdílé rẹ̀ sì ti Ifẹ̀ wá, fi ara ìhòòhò ọkùnrin dúdú ṣe iṣẹ́ fọ́tò rẹ̀ kí ó tó kú ní London ní 1989, nínú púpọ̀ nínú wọn ni awọ sì ti ń dán láti inú òkùnkùn bí igi tí a fi osùn pa. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí iná díẹ̀ lè ṣe lára ènìyàn dúdú lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Gílóòbù náà ní àléébù mẹ́ta tí n kò lè bò. Èkíní ni pé nígbà tí iná ìlú bá ń gbé e, ó ń ṣẹ́jú ní ọgọ́rùn-ún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú kò rí i, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ń rí i. Bí mo bá lo ìdá kan nínú igba tàbí èyí tí ó yára jù bẹ́ẹ̀, ọ̀nà dúdú gbọọrọ yóò là kọjá lórí fọ́tò. Ìdí tí mo ṣe dúró lórí ìdá kan nínú àádọ́ta nìyẹn, nítorí láàárín àkókò náà, iná náà á ti ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì pé, láìgé ọ̀kankan sí méjì. Bí ó bá ń jó lórí bátìrì rẹ̀, tèmi kì í ṣẹ́jú rárá, mo sì máa ń dédé pa iná gbogbo ilé láti ibi súwíìsì ńlá nígbà mìíràn kí ó lè bọ́ sórí bátìrì.

Ṣùgbọ́n àléébù kejì wà níbẹ̀ tí ó ń dúró. Lórí bátìrì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò pé ìdajì ti tẹ́lẹ̀, ó sì ń rẹ̀ sí i bí àkókò ti ń lọ. Páálí rẹ̀ sọ wákàtí mẹ́rin. Tèmi lo wákàtí kan àti ààbọ̀ kí ó tó di ohun tí n kò lè fi ya nǹkan kan mọ́, àti pé láàárín àkókò náà, mo ní láti máa tún kámẹ́rà tò ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ara wọn. Ní alẹ́ ẹ̀gbọ́n yìí, wọ́n mú iná lọ gan-an ní ìgbà tí ó ti dúró síbi tí mo fẹ́. Kò sí òkùnkùn, kò sí ẹni tí ó sáré wá aṣọ. Ìmọ́lẹ̀ kàn wálẹ̀, ó rọ̀, mo sì ya mẹ́rin sí i. Ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn ni ó yàn níkẹyìn. Ṣùgbọ́n n kò lè ka ohun tí iná ìlú ṣèèṣì ṣe sí iṣẹ́ rere gílóòbù.

Ẹ̀kẹta ni àwọ̀. Funfun rẹ̀ tutù, ó sì fi díẹ̀ yí sí àwọ̀ ewé, ìyẹn a sì máa jí gbogbo pupa tí ó wà nínú awọ ènìyàn. Títún àwọ̀ ṣe nínú kámẹ́rà ń ràn án lọ́wọ́, kì í wò ó sàn. Fún fọ́tò aláwọ̀, n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti lò ó. Fún dúdú àti funfun, kò sí wàhálà kankan.

Ohun ààbò kan wà tí mo ń tẹnu mọ́. Gílóòbù yìí kì í gbóná bí ti àtijọ́ tí wáyà inú rẹ̀ ń pọ́n, nítorí náà aṣọ kò ní tètè gbiná lára rẹ̀, ṣùgbọ́n agolo jẹ́ irin, ẹni tí ó wà níbẹ̀ sì wà ní ìhòòhò pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ǹtì. Mo fi téèpù dúdú dì gbogbo ibi tí wáyà ti kan agolo, mo sì máa ń tẹ́ ẹní sílẹ̀. Iná tí n kò bá tíì dì wáyà rẹ̀ kì í wọ inú yàrá mi.

Nígbà tí oṣù kẹta pé, mo padà sí ọjà láti ra ìkejì tí n óò máa fi tan ìmọ́lẹ̀ sí etí ara láti ẹ̀yìn. Ìyá tí ó ń tà á mú un jáde láti inú páálí kan náà, ilé iṣẹ́ kan náà, 15W kan náà, owó rẹ̀ sì ti di ₦5,000. Ó ní, “Ìbejì ni wọ́n, ọmọ mi, gbé e lọ.” Mo dé ilé, mo tan méjèèjì sí ara ògiri kan, ọ̀kan funfun bí omi ẹ̀kọ, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ aró. Mo fi ọ̀dà pupa sàmì sí ọrùn ti àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má bàa gbé e lọ sí ilé ìdáná. Èkejì ni a fi ń dáná báyìí.